Ohùn Ọkùnrin Tí Mo Gbọ́ Nínú Mọ́tò Ọkọ Mi

Ẹ̀yin ìyá ọkọ tẹ́ ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, ẹ fa àga yín sún mọ́ mi. Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ̀yin náà ẹ má lọ. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò dùn lẹ́nu mi, ojú sì ń tì mí. Àmọ́ bí mo bá gbé e mì, ẹlòmíì á tún ṣe irú ẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la.

Mo ti di ìyá àgbà. Aṣọ ilé-ìwé ni mò ń rán jẹun, mọ́tò tí olóògbé ọkọ mi fi sílẹ̀ ni mo sì fi ń gbé wọn kiri. Mọ́tò náà ti gbó. Má-tì-mí ni ọkọ mi sọ ọ́, torí pé títì ni wọ́n máa ń tì í kó tó dáhùn.

Mi kì í gbé e lọ fún mẹkáníìkì. Takisí ni ọkọ mi wà títí ó fi kú, èmi ni mo sì máa ń di tọ́ọ̀ṣì mú fún un bó bá ki orí bọ inú ẹ́ńjìnnì. Ohun tí ojú mi rí, ọwọ́ mi kọ́ ọ. Mo lè nu pọ́lọ́ọ̀gì, mo lè pààrọ̀ bẹ́líìtì, mo lè tú kabúrétọ̀ palẹ̀ kí n sì tò ó padà láìjẹ́ pé nǹkan kan ṣẹ́ kù sílẹ̀. Màmá Sípánà ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún mi pé mi ò mọ mọ́tò mi.

Àbígbẹ̀yìn mi, ọkùnrin kan ṣoṣo tí mo bí, ń bá wọn kọ́ afárá ní ìlú kan tó jìn. Kò tíì rí yàrá tó dáa níbẹ̀, ló bá fi ìyàwó ẹ̀ sọ́dọ̀ mi. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni ìyàwó yìí. Ó ń bá mi gán bọ́tìnì, ó ń bá mi lọ aṣọ, kì í gbó mi lẹ́nu. Bí èèyàn bá wo wa nígbà náà, á ní kò sí ìyá ọkọ àti ìyàwó tó mọwọ́ ara wọn tó wa.

Àárọ̀ kan báyìí, mo kó aṣọ sórí àga ẹ̀yìn, mo jókòó, mo yí kọ́kọ́rọ́. Má-tì-mí ṣe "kẹ́", ó dákẹ́.

Bátìrì ti kú.

Ìyẹn ò bà mí lẹ́rù. Mo tú ẹnu bátìrì, mo fi omi gbígbóná fọ gbogbo funfun tó hù sí i lára, mo dè é padà, ó le dan-in. Mo gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń cháàjì, ó kún. Kò pẹ́, ó tún kú.

Mo ní bóyá iná kan ń jò níbì kan. Mo yọ fíúsì, mo fi gílóòbù kékeré dán an wò, mo dá a padà, mo yọ òmíràn. Báyìí ni mo ṣe ṣe é títí mo fi yẹ gbogbo wọn wò. Gílóòbù náà ò tàn. Kò sí iná tó ń jò.

Mo nàró, mo fọwọ́ sí ìbàdí. Bí kì í bá ṣe mọ́tò ló ń mu iná yìí, á jẹ́ pé èèyàn ni.

Ìgbà náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo inú ẹ̀ dáadáa. Àga iwájú ti dẹ̀ sẹ́yìn bíi bẹ́ẹ̀dì. Èmi kì í dẹ àga. Bí mo bá wakọ̀, àyà mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan sítíárì ni.

Mo wọlé. "Ìyàwó mi, ṣé o wọ inú mọ́tò ni?"

Ó ń gán bọ́tìnì lọ́wọ́. Abẹ́rẹ́ dúró. "Mo... mo kàn nu inú ẹ̀ díẹ̀ ni, Màámi."

"O ṣeun."

Mo padà lọ, mo fi ìka ra orí dáṣíbọọ̀dù. Ìka mi pọ́n fún eruku.

Ó pa irọ́ fún mi. Kí ló wà nínú mọ́tò gbígbó tí èèyàn ń tìtorí ẹ̀ purọ́?

Láti ọjọ́ náà ni ojú mi ti là. Kò sí ohun tí mo rí tí mi ò fura sí mọ́. Bó bá wẹ̀ lọ́sàn-án, mo fura. Bí fóònù ẹ̀ bá dún tó sì bọ́ síta, mo fura. Bó bá kí mi kú iṣẹ́ tó sì fi ẹ̀rín kún un, mo tún wò ó lẹ́ẹ̀kejì.

Pẹtiróòlù ló wá bà á jẹ́ pátápátá.

Mo ra epo sínú Má-tì-mí, mo gbé e sínú gáráàjì, mo ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí mo tún máa yí kọ́kọ́rọ́, ọwọ́ tó ń fi bí epo ṣe pọ̀ tó hàn ti wálẹ̀ gan-an. Òórùn pẹtiróòlù sì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà wo ni mọ́tò gbígbó ò rùn? Imú mi ti mọ́ ọn.

Mo tẹ́ páálí sábẹ́ ẹ̀ láti orí dé ìdí, kí n lè rí i bó bá ń kán. Nígbà tí mo fa páálí náà jáde, ó gbẹ fúrúfúrú.

Á jẹ́ pé wọ́n ń gbé e jáde nìyẹn. Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára táyà, mo fa òmíràn sílẹ̀, wọ́n kojú ara wọn. Bí táyà bá yí pẹ́nrẹ́n, màá mọ̀. Mo jáde, mo padà dé. Ìlà ṣì kojú ìlà.

Ẹni tí orí ẹ̀ pé ì bá ti sọ pé, "Ó dáa, mọ́tò yìí ò jáde, ẹ jẹ́ kí n wá ibòmíràn wò." Èmi kọ́. Ohun tí mo sọ ni pé, "Hẹn-ẹn! Fífà ni wọ́n ń fa epo náà. Ó ń fa epo ọkọ mi fún ọkùnrin."

Ẹ wò ó, ọkùnrin ti dé inú ọ̀rọ̀. Ta ló mú un wá? Èmi ni.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó ń ta bọ́tìnì àti òwú lódìkejì títì. Mi-ò-sọ là ń pè é, torí kò sí òfófó tó fẹ́ ṣe tí kò ní kọ́kọ́ ní "mi ò sọ o." Mo lọ ra bọ́tìnì lọ́dọ̀ ẹ̀, mo tú gbogbo ẹ̀ sí i létí.

"Mi ò sọ o, Màmá Sípánà," ló fi bẹ̀rẹ̀. "Àmọ́ ọmọ tí ọkọ ẹ̀ ò sí nílé, tó ń sáré wọ gáráàjì lọ́sàn-án gangan, kí ló ń wá níbẹ̀? Àbí ó fẹ́ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ni?"

"Ta ló rí i?"

"Ojú mi ò ṣáà fọ́. Ẹ̀yin ẹ ti jáde báyìí, á wo ọ̀tún, á wo òsì, á yọ́ wọlé."

"Ṣé o rí ọkùnrin?"

"Mi ò sọ pé mo rí ọkùnrin o! Àmọ́ ṣé gáráàjì yín ò ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni?"

Ó ní.

Mo dé ilé, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Àárín ìgbà yìí gan-an ni ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, á ní orí ń fọ́ òun, òòyì ń kọ́ òun, á sáré lọ sẹ́yìn ilé. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, mò ń gbọ́ bó ṣe ń pọ̀ ọ́.

"Kí ló ń ṣe ẹ́?"

"Kò sí nǹkan kan, Màámi. Oòrùn ni."

Oòrùn! Èmi tí mo bímọ, tí mo sì gbẹ̀bí ọmọbìnrin mi. Mo wo ikùn ẹ̀, mo wo ojú ẹ̀. Ọmọ mi ti kúrò nílé láti ìgbà tí òjò ti ń rọ̀, ẹ̀ẹ̀rùn sì ti mú báyìí. Kò wálé lẹ́ẹ̀kan. Ta ló ni oyún?

Ọ̀sán ọjọ́ kan, mo díbọ́n pé mo ń lọ jíṣẹ́, mo dé ìkòríta, mo pẹ̀yìn dà. Mo bọ́ bàtà mi sọ́wọ́. Mo rìn títí mo fi dé ara ògiri gáráàjì, mo gbé etí lé pákó ilẹ̀kùn.

Mo gbọ́ ohùn ọkùnrin.

Ohùn náà rẹlẹ̀, ó ń wọ́, bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ. Ti ìyàwó ni mo gbọ́ ketekete.

"Má sunkún mọ́," ló ń wí. "Mo wà pẹ̀lú ẹ. Wọn ò mọ nǹkan kan. Mi ò ní jẹ́ kí wọ́n mọ̀."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọwọ́ mi wà lára ilẹ̀kùn yẹn. Bí mo bá tì í lásán, ó ti ṣí. Bí mo bá pè é lórúkọ, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Àmọ́ ọkàn mi ní, "Bó o bá ṣí i báyìí, ọkùnrin á gba ẹ̀yìn sá lọ, wàá wá di òpùrọ́. Kó ẹlẹ́rìí jọ ná." Kí n tún sọ òótọ́ ibẹ̀: ó ti ń dùn mọ́ mi. Bí inú mi ṣe máa ń dùn bí mo bá fẹ́ẹ́ rí ibi tí mọ́tò ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ló rí. Mo fẹ́ kí gbogbo ayé rí i pé èmi ni mo rí i.

Mo fi ìka ẹsẹ̀ rìn padà.

Mo pe ọmọ mi lórí fóònù. Kò gbé e. Ó ti pẹ́ tí kì í gbé e bó ṣe yẹ, bó bá sì pè padà, ọ̀rọ̀ ò ní gùn. Ìyẹn náà, mo ti fi sọ́rùn ìyàwó: òun ló ń yí i lọ́kàn padà sí mi. Nígbà tó pè, mi ò jẹ́ kó kí mi tán.

"Ìyàwó ẹ lóyún. Ṣé ìwọ lo ni ín?"

Ó dákẹ́.

"Ṣé o gbọ́ mi? Ọkùnrin kan ń wá bá a nínú mọ́tò bàbá ẹ."

"Màámi..." Ohùn ẹ̀ jìnnà. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Kò ṣe nǹkan kan."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Nẹ́tíwọ́kì ò dáa, mà." Ó já.

Mo ní, ẹ ò rí i? Ó ti mọ̀, ó ń pa á mọ́ra. Wọ́n ti sọ ọmọ mi di ọ̀dẹ̀. Bí mi ò bá gbà á sílẹ̀, ta ló fẹ́ gbà á?

Mo pe ìyá ìyàwó. Obìnrin yìí ń ta bàtà ní ìlú kan nítòsí. Mo ní kó máa bọ̀, kó wá fojú ara ẹ̀ rí ohun tí ọmọ ẹ̀ fi ń ṣe ilé mi, kó sì mú àpò dání, torí ó ṣeé ṣe kó kó ẹrù padà. Mo sọ ọ́ báyẹn gan-an.

Ó dé lọ́jọ́ tí mo dá. Ojú ẹ̀ ti pọ́n. Mi ò jẹ́ kí ìyàwó mọ̀ pé ó ti wọ̀lú. Ilé Mi-ò-sọ ni mo gbé e pamọ́ sí, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó lẹ́yìn páálí bọ́tìnì, à ń wo ojú títì bí ọlọ́pàá.

"Àna mi," ni obìnrin náà wí jẹ́jẹ́, "mo mọ ọmọ mi. Ẹ tún un rò."

"Mo ti rò ó tán."

"Ṣé ẹ bi í léèrè?"

"Ṣé olè máa ń jẹ́wọ́ bí wọ́n bá bi í léèrè ni?"

"Mi ò sọ o," ni Mi-ò-sọ wí, "àmọ́ òun nìyẹn."

Lóòótọ́, ìyàwó jáde. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó wọ gáráàjì, ó pa ilẹ̀kùn dé.

A fún un láyè díẹ̀, ká lè ká wọn mọ́. Lẹ́yìn náà a dìde. Mo mú sípánà ńlá lọ́wọ́. Mo ní kí Mi-ò-sọ dí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Èmi àti àna mi dúró sí iwájú. A gbọ́ ohùn ọkùnrin náà.

Mo wo ojú àna mi. Ó ti bu sẹ́kún. Mo fẹ́ sọ fún yín pé àánú ẹ̀ ṣe mí. Kò ṣe mí. Ohun tí mo ń sọ nínú ni pé, "Ṣé o ti rí i báyìí?"

Mo tari ilẹ̀kùn, mo já wọlé, mo fa ilẹ̀kùn mọ́tò ṣí.

"Gbé ọkùnrin ẹ jáde! Kó jáde síbí kí n rí ojú ẹ̀!"

Ìyàwó fò sókè. Òun nìkan ló wà lórí àga. Mo wo ẹ̀yìn àga, mo wo abẹ́ ẹ̀. Kò sí ẹnì kankan. Fóònù ẹ̀ ló wà lórí dáṣíbọọ̀dù, wáyà so ó mọ́ ojú ihò tí wọ́n fi ń tan sìgá, ibẹ̀ ló ti ń fa iná bátìrì mi.

Fóònù náà sọ̀rọ̀.

"Màámi?" ló wí. "Màámi, ṣé ẹ̀yin lẹ ń pariwo bẹ́ẹ̀?"

Sípánà bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ìgbà tó pè mí ní Màámi ni mo tó dá ohùn náà mọ̀. Ọmọ tí mo lóyún ẹ̀, tí mo fún lọ́mú, tí mo kọ́ ní ọ̀rọ̀ sísọ, mo fetí sí i lára ilẹ̀kùn, mo sì pè é ní àlè ìyàwó ẹ̀.

Mi-ò-sọ ti ń yọ orí láti ẹ̀yìn. "Ọkùnrin ọ̀hún dà?" Nígbà tí kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó gba ibi tó gbà wọlé jáde. Mi ò rí i ládùúgbò títí di ọjọ́ kejì.

"Kí ló ṣe ohùn ẹ?" Mo dojú kọ fóònù náà. "Níbo lo wà?"

Ìyàwó mú fóònù, ó rọra sọ fún un pé, "Sọ fún wọn. Ó ti tán."

"Ilé ìwòsàn ni mo wà, Màámi. Mo jábọ́ láti orí igi tí à ń dúró lé kọ́ afárá. Ẹsẹ̀ mi ló kán. Oògùn ìrora ni wọ́n ń fún mi, òun ló ń wọ́ ohùn mi nílẹ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́ díẹ̀, mà."

"Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi?"

"Màámi, bí ẹ bá gbọ́, Má-tì-mí lẹ máa gbé sójú ọ̀nà jíjìn, ẹ̀yin nìkan. A mọ̀ yín. Èmi ni mo ní kó má sọ. Nígbà tẹ́ ẹ sọ̀rọ̀ oyún yẹn, mo ní kó jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, ó kọ̀. Ó ní ẹ̀jẹ̀ yín ga, pé ó sàn kẹ́ ẹ máa bínú sí òun."

Mo gbójú sókè wo ọmọbìnrin náà. Kò wò mí. Ó ń ká wáyà fóònù rọ́wọ́.

Ibẹ̀ ni àna mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ó fi gèlè bo imú. "Òórùn wo nìyí? Àbí ẹ ń ta pẹtiróòlù níbí ni?"

Ẹ̀rù bà mí wàyí, ẹ̀rù tó yàtọ̀. Mo lọ sẹ́yìn, mo ṣí búùtù. Mo fa àpò àjákù aṣọ tí mo kó síbẹ̀ kúrò. Ìdí àpò náà tutù. Mo ká kápẹ́ẹ̀tì. Ihò tí táyà àpamọ́ ń dùbúlẹ̀ sí ti kún fún pẹtiróòlù, ó ń dán bíi dígí.

Táńkì Má-tì-mí, ẹ̀yìn àga ẹ̀yìn ló wà, nínú búùtù yẹn. Rọ́bà kan ló gbé epo jáde nísàlẹ̀ ẹ̀. Rọ́bà náà ti sán tẹ́lẹ̀, mo sì ti wá irú ẹ̀ lọ sọ́jà, mi ò rí. Ni mo bá gé lára rọ́bà tí à ń fi fa omi sínú àgbá, mo fi wáyà dè é. Mo ní kó ṣì máa gbà á báyìí ná. Mi ò rántí ẹ̀ mọ́. Pẹtiróòlù ti jẹ ẹ́, ó ti rọ̀ bí ọ̀dà tí oòrùn pa, ó ń sun jáde díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí páálí fi gbẹ. Kò kán sílẹ̀, inú ibẹ̀ ló ń gbá jọ sí.

Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Mo yẹ gbogbo mọ́tò wò, mi ò yẹ ibi tí èmi fúnra mi ṣe wò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tún mọ́tò yín ṣe fúnra yín, ẹ gbọ́ èyí kẹ́ ẹ tó gbàgbé: ẹ má fi rọ́bà omi gbé pẹtiróòlù láé, ì báà jẹ́ fún ìrìn àjò kékeré.

"Ẹ jáde!" mo kígbe. "Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan! Ìyàwó mi, bọ́ sílẹ̀, má tan nǹkan kan, má pa nǹkan kan!"

Pẹtiróòlù lẹ́yìn, wáyà iná níwájú, ilẹ̀kùn pípadé, ọmọ èèyàn láàárín. Ojoojúmọ́ ló ń fa òórùn yẹn símú, òun ló sì ń mú un bì.

Ó bọ́ sílẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé ìkejì, òòyì gbé e, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá ẹ̀ gbé e mọ́ àyà. Ọmọ náà bì sórí bàtà ìyá ẹ̀.

"Oyún nìyí?" ni àna mi bi mí. Kò pariwo. Ì bá sàn fún mi ká ní ó pariwo. "Ẹ̀yin lẹ fẹ́ẹ́ pa ọmọ mi, ẹ sì ní kí n wá wò ó. Ẹ ní kí n mú àpò dání."

Mo dojú bolẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀. Ó ní kí n dìde, pé òórùn epo kún ibẹ̀.

Nígbà tí mo ti fa epo náà sínú kẹ́ẹ̀gì, tí mo sì ti ti Má-tì-mí síta, mo wọlé. Ìyàwó mi ń kó aṣọ sínú àpò ìyá ẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá.

"Ṣé o fẹ́ kọ ọmọ mi ni?"

Òun ni mo ń bẹ̀rù jù. Mo ti ń wá bí mo ṣe máa gba ilé ọmọ mi lọ́wọ́ olè, ó sì jọ pé èmi gan-an ni mo fẹ́ẹ́ tú u.

"Rárá, mà. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni mò ń lọ. Mi ò sì ní padà sílé yìí."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ inú mọ́tò? Ṣé yàrá ò sí ni? Ṣé mo lè jẹ ẹ́ ni?"

Ó tẹ aṣọ kan mọ́ àpò.

"Màámi, bí ọkọ mi bá pè mí nínú ilé yìí, kó tó kí mi tán lẹ ti máa ń béèrè pé, 'Kí ló wí?' Bí mo bá rẹ́rìn-ín, 'Kí ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín?' Bí mo bá wọ yàrá, ẹ máa wá bá mi gbálẹ̀ ibẹ̀. Ẹ fẹ́ràn mi, mo mọ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ wo ni mo lè bá ọkọ mi sọ níbí tí ẹ̀yin kọ́ lẹ máa dá a lóhùn?"

Mo lanu láti sọ pé irọ́ ni. Mo pa á dé. Ojú ẹ̀ ò jọ ti ẹni tó ń purọ́.

Wọ́n wọkọ̀ lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo bá wọn gbé àpò dé ibùdókọ̀. Àna mi ò jẹ́ kí n san owó ọkọ̀.

Mo ra ojúlówó rọ́bà. Mẹkáníìkì ni mo ní kó fi sí i, mo jókòó, mi ò bá a dá sí i. Mi ò pe ọmọ mi lójoojúmọ́ mọ́. Òun ló ń pè mí bó bá wù ú. Ó ní wọ́n ti gba yàrá kan nítòsí ilé ìwòsàn, pé ìyàwó òun ti ríṣẹ́ lọ́dọ̀ aránṣọ kan, pé òun ti ń fi igi rìn. Mo ní ó dáa. Mo ní kó kí i. Mi ò béèrè pé kí ni ìyàwó sọ nípa mi, àmọ́ ó wù mí.

Nígbà tí wọ́n ní kí n wá, bọ́ọ̀sì ni mo wọ̀. Ilé tí wọ́n gbà yàrá sí, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan ni, àwọn yàrá kojú ara wọn. Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà wọn ni mo ti ń gbọ́ ohùn. Ọmọ mi ń sọ nǹkan, ìyàwó ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gidi, èyí tó ń mú èèyàn di ìhà mú. Nínú gbogbo ìgbà tó fi gbé lọ́dọ̀ mi, mi ò gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ẹ̀ rí.

Mo kan ilẹ̀kùn.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni."

Ẹ̀rín náà dá, bí ẹni pa ẹ́ńjìnnì.

Ó dùn mí dé egungun. Àmọ́ mo mọ ẹni tó fà á. Mo yọ ọwọ́ kúrò lára ilẹ̀kùn.

"Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ," mo sọ. "Mi ò kánjú. Àga wà níta níbí."

Mo padà síbi tí mo ti wá, mo lọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan lẹ́bàá ojú títì, níbi tí etí mi ò ti lè gbọ́ wọn. Mo gbé àpò mi lé orí itan. Mo wo àwọn tó ń kọjá. Obìnrin kan kí mi, ó ní ta ni mò ń dúró dè, mo ní àwọn ọmọ mi ni.

Ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo rí ìyàwó mi tó yọ sí ẹnu ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fọwọ́ nu omijé ẹ̀rín lójú.

"Màámi, ẹ máa bọ̀ wá wọlé," ló wí.

Mo dìde, mo tẹ̀ lé e. Mi ò bi í pé kí ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín.